Ẹ Dá Èsì Padà Sọ́jà

Bí láàbù ti pọ̀ tó ní Èkìtì, mi ò rò pé ó ku ọ̀kan tí Ọjà Ọba Adó ò tíì dé. Gààrí wa ti dé ibẹ̀. Ẹ̀wà wa ti dé ibẹ̀. Ata lílọ̀, epo pupa, ẹja gbígbẹ, omi kànga ẹ̀yìn ìsọ̀, títí dé erùpẹ̀ tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo wọn ló ti wọ ọ̀rá, tó ti wọ ìgò, tó sì ti gun ọ̀kadà lọ síwájú ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Láàbù nìkan ni kò tíì dé Ọjà Ọba. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: ẹni tó bá mú nǹkan lọ́jà lọ yẹ̀ wò, kó mú èsì rẹ̀ padà wá bá àwọn tó ń tà á àti àwọn tó ń jẹ ẹ́.

Alágààrí ni mí. Mò ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà mọ́ ọn. Kí n tó gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, láàbù ilé-ìwé girama ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Èmi ni mò ń fọ túùbù, èmi ni mò ń po ásíìdì sílẹ̀ de àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó kọ iye sílẹ̀. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé iwájú ìsọ̀ mi pẹ̀lú ọ̀rá funfun àti máákà lọ́wọ́, n kì í lé e. Mo máa ń bi í pé kí ló fẹ́ wò nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn á jókòó ṣàlàyé. Àwọn mìíràn á ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, Mà, iṣẹ́ ilé-ìwé lásán ni." Wọ́n á sanwó kóńgò kan, ó tán.

Iṣẹ́ ilé-ìwé ò sì wọ́n ní àyíká wa. Yunifásítì ìpínlẹ̀ wa ti wà láti 1982. Ọdún náà ni Pọ́lì ìjọba àpapọ̀ kó wá sí Adó. Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá dé ní 2009, ti Ọ̀yẹ́ dé ní 2011, Ìkẹ́rẹ́ náà sì ní tirẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ kẹ́mísìrì, àwọn ọmọ ìmọ̀ oúnjẹ, àwọn onímọ̀ òkúta àti àwọn ẹnjiníà ń wá ohun tí wọn yóò fi kọ ìwé àṣejáde. Ọjà ló sún mọ́ wọn jù. Ẹ̀sùn mi kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ kan, nítorí àṣà tó ti kárí Nàìjíríà ni: èsì á wọ inú ìwé, ìwé á gun pẹpẹ, ọjà á máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mò ń tà ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ní májèlé. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, ara rẹ̀ á fọ́, èròjà mìíràn tó wà nínú ẹ̀gẹ́ náà á bá linamarin pàdé, á sì tú u di sáyánáìdì. Bí a bá fún un, omi á gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Bí a bá yan án nínú agbada, iná á lé èyí tó kù. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe èyí kí láàbù tó dé. Láti 1959 ni Collard àti Levi ti kọ nípa bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń kan nínú àpò. Inú jọ́nàlì Nature ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni wá ka á fún àwọn tó ń rin ẹ̀gẹ́.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ jáde fáyé jù lọ nílẹ̀ wa, ọmọ Èkìtì ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ni, tí wọ́n bí ní Òkèmẹ̀sí ní 1935, tó sì lọ sí Christ's School níhìn-ín ní Adó kó tó di oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1960, ó ń rí àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn ń jó wọn, tí wọn ò lè rìn gún régé mọ́, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn sì ń di. Púpọ̀ nínú wọn ti ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Òṣósà wá. Kò jókòó sí ọsibítù kó máa dúró dè wọ́n. Ó tọ̀ wọ́n lọ sílùú wọn, ó wo ohun tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sí láàbù. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ ṣáá, ẹran àti ẹja sì wọ́n lórí àwo wọn. Àmì sáyánáìdì nínú ẹ̀jẹ̀ wọn sì ga ju ti àwọn yòókù lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n so àìsàn náà mọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa tí wọ́n sì ń jẹ láìsí oúnjẹ aṣaralóore.

Ọ̀rọ̀ náà ò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn ikú Ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1995, Oluwole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Òṣósà. Wọ́n rí i pé àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jiyàn bóyá sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ló fà á lóòótọ́. Ìjiyàn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ọjà gbọ́. Àwọn kan rò pé bí ọlọ́jà bá gbọ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ò tíì fohùn ṣọ̀kan, kò ní gbà wọ́n gbọ́ mọ́. Ṣé àwa tí a ń ná ọjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni ìjiyàn yóò dẹ́rù bà?

Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún gààrí lágbàáyé, èyí tí wọ́n ń pè ní Codex, láti 1989 ló ti wà. Ó ní sáyánáìdì tó wà nínú kílò gààrí kan ò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ. Ẹ bi àwọn alágààrí Ọjà Ọba léèrè iye tó wà nínú gààrí wọn. Wọ́n á sọ fún yín bóyá ó kan, bóyá ó gbẹ, bóyá ó wú dáadáa nínú omi, bóyá epo wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ti sáyánáìdì, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n nínú gààrí wa.

Kò sì pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Ọsirélíà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Howard Bradbury ṣe bébà kan tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ofeefee. Wọ́n á bu ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sínú ìgò kékeré, wọ́n á fi bébà náà há inú rẹ̀, wọ́n á dé e, ó di ọjọ́ kejì. Bí sáyánáìdì bá wà níbẹ̀, bébà náà á máa pọ́n lọ sí àwọ̀ ilẹ̀, wọ́n á sì fi wé àwọn àwọ̀ tí wọ́n yà sórí páálí. Kò ní lè ya mílígíráàmù 2 sọ́tọ̀ kúrò lára 3, iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó lè fi èyí tó burú hàn yàtọ̀ sí èyí tó dára. Bradbury àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ò sì fi mọ sórí bébà. Ní abúlé Kay Kalenda ní Kóńgò Kinshasa, níbi tí àìsàn konzo ti ń rọ àwọn ọmọdé àti obìnrin lẹ́sẹ̀, àwọn àti àwọn onímọ̀ ìlú náà tọ àwọn obìnrin lọ láti 2010. Wọ́n kọ́ wọn láti fi omi rin ìyẹ̀fun, kí wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ẹní fún wákàtí 2 nínú oòrùn tàbí wákàtí 5 lábẹ́ ibòji, kí afẹ́fẹ́ sáyánáìdì jáde kí wọ́n tó ro ó. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ṣọ́ abúlé náà, konzo tuntun ò yọjú níbẹ̀ mọ́. Omi, ẹní àti oòrùn ni gbogbo irinṣẹ́ wọn. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni kí ọ̀mọ̀wé rìn dé ibi tí obìnrin ti ń ro oúnjẹ.

Ti ẹ̀wà tún burú ju ti gààrí lọ, torí òkèèrè ni a ti gbọ́ ìròyìn ara wa. Ní oṣù kẹfà 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní kí ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà má wọlé mọ́. Òfin wọn gba mílígíráàmù 0.01 oògùn apakòkòrò dichlorvos nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n rí nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì dé 4.6. Dichlorvos yìí ni Sniper tí gbogbo ọjà mọ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n lé padà ní èbúté wọn, irú rẹ̀ ṣì wà nínú àpò lọ́dọ̀ wa, a ń wọ̀n ọ́n ní kóńgò fún àwọn tó fẹ́ ṣe mọ́ínmọ́ín. Ní 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ìgò kékeré oògùn náà nígboro. Òfin dára. Ṣùgbọ́n ìgò ni òfin náà mú, kò mú kòkòrò. Àgbà ọlọ́jà tó ra ẹ̀wà ní àkókò tó pọ̀, tó fẹ́ tà á nígbà tó bá wọ́n, ìbéèrè rẹ̀ ò yí padà: kí ni n ó fi lé kòkòrò?

Èsì ìbéèrè yẹn ti wà tipẹ́, ọwọ́ àwọn tó mọ rọ́bà ló sì wà. Larry Murdock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní àríwá Kamẹrúùnù ní ìparí àwọn ọdún 1980. Àpò onílọ̀ọ́po mẹ́ta ni: ọ̀rá nínípọn méjì tó wọ inú ara wọn, àti àpò híhun tí a ti mọ̀ lóde wọn. PICS ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà á wọ inú rẹ̀, wọ́n á so ọ̀rá kìíní le, wọ́n á so èkejì, wọ́n á so ti òde. Kòkòrò tó bá ti wà nínú ẹ̀wà á mí gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tán, afẹ́fẹ́ mìíràn ò sì lè gba ara ọ̀rá náà wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó yà mí lẹ́nu: òùngbẹ ló ń pa á. Kòkòrò ẹ̀wà kì í mu omi, ara rẹ̀ ló ń fi afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ ṣe omi tó ń lò. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, omi tán, ó gbẹ. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀.

Àpò náà ní àléébù tirẹ̀. Ó wọ́n ju àpò lásán lọ. Bí èkúté bá lu ú, tàbí tí ẹnì kan ń tú u wò lójoojúmọ́, iṣẹ́ bàjẹ́. Ẹni tó fẹ́ fi tọ́jú ẹ̀wà gbọ́dọ̀ ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹnì kan wá sí ìpàdé ọjà, kó so ọ̀kan lójú wa, kó sì tún wá tú u lójú wa. Ọlọ́jà tó bá fojú rí ẹ̀wà tí kò lu ò nílò ìwàásù NAFDAC.

Ẹ jẹ́ kí a dé ìdí ẹ̀rọ ata. Irin méjì tó ń fara gbora ló ń lọ ata wa, ìyẹn ojú ẹ̀rọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń yọ́ àlòkù irin ló ń rọ púpọ̀ nínú wọn nílẹ̀ wa àti ní Gánà. Àwọn ẹnjiníà ní Yunifásítì KNUST ní Kumasi ti ṣe ìwádìí lórí irú irin yìí, bí líle rẹ̀ ò ṣe dọ́gba àti bó ṣe ń jẹ lọ sínú oúnjẹ tó ń lọ̀. Èmi a máa fi òòfà inú ẹ̀rọ rédíò àtijọ́ kan ra inú èlùbọ́ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ojú ẹ̀rọ ni, eérú dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ òòfà yẹn á pọ̀. Àwọn oníbàárà mi kan ti wá ń bèèrè òòfà kí wọ́n tó bèèrè iye. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá pọ́n ojú ẹ̀rọ, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ àgbàdo tí wọn yóò dà nù. Ẹnjiníà mélòó ló ti bá àwọn alọta sọ èyí?

Omi ńkọ́? Orí àpáta ni Adó wà. Kànga wa ò jìn púpọ̀, inú ilẹ̀ tó ti rọ̀ lórí àpáta náà lomi wà, ohun tí òjò bá sì fọ̀ láti ilé ìgbẹ́ àti ààtàn ò jìnnà sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kànga bá fà, ẹni tó bá rí omi kì í bèèrè ibi tó ti wá. A fi ń ṣan ẹ̀fọ́, a fi ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ, àwọn alágbàṣe sì ń mu ún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé-ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ ti fa omi kànga tó wà nítòsí ìsọ̀ wa sínú ìgò. Mo bá wọn gbé kòrọ́bá. Kò sẹ́ni tó padà wá sọ fún wa bóyá ká ṣì máa lò ó tàbí ká dé e pa. Bẹ́ẹ̀ láti 1982 ni Manja àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Íńdíà ti fi hàn pé èèyàn ò nílò láàbù ńlá fún irú èyí. Wọ́n fi oògùn rẹ bébà, wọ́n fi í sínú ìgò, wọ́n bu omi sí i, ó di ọjọ́ kejì. Bí ó bá dúdú, a fura sí i pé ìgbẹ́ ti dé inú omi yẹn. Ọmọ ilé-ìwé girama lè ṣe é, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi ni mo ti ń bá irú wọn fọ ìgò.

Mo mọ ìdí tí èsì kì í fi í padà. Ọ̀gá olùkọ́ kì í gba ìgbéga nítorí pé ó bá Ìyálọ́jà sọ̀rọ̀. Ohun tó bá tẹ̀ jáde ní jọ́nàlì òkèèrè ni wọ́n ń kà fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀ ti sáré lọ sìnrú ìlú. Àwọn mìíràn tó ń wá bá wa máa ń mú fọ́ọ̀mù dání kí a buwọ́ lù ú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní mo gbà tinútinú láti kópa. Mi ò tíì rí ọ̀kan tó ní àwọn náà gbà tinútinú láti padà wá.

Ẹ̀rù tún ń bà wọ́n, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ọ̀mọ̀wé kan sọ fún mi pé bí wọ́n bá gbé èsì burúkú wá sáàárín ọjà, ọjà á dàrú, àwọn oníbàárà á sá. Mo bi í pé ṣé ọjà ò tíì máa dàrú ni. Ẹ rántí ìròyìn ìrẹsì onírọ́bà ní oṣù kejìlá 2016, nígbà tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù mú àwọn àpò kan l'Ékòó. NAFDAC yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kì í ṣe rọ́bà, ìrẹsì ni, ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò ṣeé jẹ. Ọ̀rọ̀ gidi tó yẹ kí a gbé jẹ́ ti ìdọ̀tí àti ìtọ́jú. Rọ́bà ni gbogbo ayé gbé. Ìgbà tí òótọ́ bá pẹ́ dé ọjà ni àhesọ ń gba ìsọ̀ rẹ̀.

Àwa ọlọ́jà náà ò mọ́ látòkè délẹ̀. Àwọn kan lára wa, bí wọ́n bá ti rí ẹni tó wọ ẹ̀wù funfun, wọ́n á ti àpò tó dára síwájú. Àwọn kan á ní owó orí ló fẹ́ gbà. Èyí tó bá ta oògùn sí ẹ̀wà lánàá ò ní sọ fún ẹ lónìí. Bí a bá fẹ́ kí èsì padà wá, ohun tí wọ́n bá mú lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a ń tà gan-an.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bèèrè. Èkíní, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ṣe é lófin pé iṣẹ́ àṣejáde tó bá mú nǹkan láti ọjà tàbí kànga ìlú ò ní parí títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi mú ojú ìwé kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ wá sí ìpàdé ọjà, tí yóò kà á, tí wọn yóò sì bi í ní ìbéèrè. Kí ó má dárúkọ ẹni tó ta nǹkan náà fún un. Bí èsì bá burú, kí ó kọ́kọ́ pe olóhun sẹ́yìn. Kí ó sì sọ iye ìsọ̀ tó yẹ̀ wò, torí kóńgò kan ṣoṣo ò lè dá gbogbo ọjà lẹ́bi.

Èkejì, kí ìjọba ìbílẹ̀ fún wa ní yàrá kan nínú ọjà yìí. A ò bèèrè ẹ̀rọ olówó ńlá. Òòfà, bébà Bradbury, ìgò àyẹ̀wò omi, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin inú àgbàdo ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ Pọ́lì ń wá ibi tí wọn yóò ti ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ wọn, tí àwọn ọ́fíìsì sì ń rán wọn ní tíì àti búrẹ́dì. Ẹ kó wọn wá síbí, kí ọ̀gá wọn máa wá bẹ̀ wọ́n wò.

Ẹ̀kẹta kàn wá. Mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá bu gààrí mi lọ fún àyẹ̀wò yóò kọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀, orúkọ olùkọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò mú èsì padà wá. Ẹni tó bá kọ ọ́ ò ní sanwó gààrí náà rárá. Ẹni tó bá kọ̀ kó ra ti jíjẹ, ti àyẹ̀wò ò sí. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn tí ìsọ̀ wọn kángun sí tèmi, n ó sì gbé e dé iwájú Ìyálọ́jà nígbà tí a bá tún jókòó ìpàdé.